Ẹ Wo Aago, Ẹ Ka Ọjọ́: Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Kòrónà Lè Ṣe Lára Yín àti Bí Ẹ Ṣe Máa Mójú Tó O Lóko àti Nílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ìyá onígàrí, ẹ̀yin baálé ilé àtìyáálé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ṣé ọ̀rọ̀ Kòrónà ò tíì tán ni. Kò tíì tán lẹ́nu àwọn tí mò ń bá pàdé lóko o, torí àwọn kan wà tí wọ́n gba ẹyọ kan, tí wọ́n sì sá fún ìkejì nítorí ohun tójú wọn rí lóru ọjọ́ yẹn, àwọn míì ò tiẹ̀ gbà á rárá torí ohun tí aládùúgbò sọ.

Èmi náà rí i, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ Kòrónà tó ń jẹ́ AstraZeneca, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, kọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ mílíọ̀nù mẹ́rin, nígbà tó sì kàn wá ládùúgbò mo lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n gún mi, nọ́ọ̀sì tó gún mi ò sọ ju "ẹ lọ jókòó síbẹ̀ yẹn" lọ. Mo jókòó, mo padà sílé, mo jẹ àmàlà, kò sí nǹkan kan. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni òtútù dé, irú òtútù tí eyín á máa lu ara wọn pà-pà-pà, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bora nínú ooru tí gbogbo ilé ń bọ́ṣọ sí. Ìyàwó mi ní ibà ni, ó sáré lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, ìyá mi náà ti gbé ìkòkò àgbo kaná, ewé dóńgóyárò àti èèpo igi máńgòrò, wọ́n ní kí n mu díẹ̀ kí n fi ìyókù wẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti lọ. Ìyá mi ní àgbo ló ṣe é, ìyàwó mi ní oògùn ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ó kúkú ti fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan péré tí nọ́ọ̀sì yẹn ìbá sọ, pé "ara yín lè gbóná lálẹ́, ẹ má bẹ̀rù", à bá ti sùn, à bá sì fowó sápò.

Kí ló ń mú ara gbóná gan-an

Abẹ́rẹ́ yìí ò gbé Kòrónà tó lè ràn yín sínú ara o. Ó kàn ń fi àwòrán ọ̀tá han àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ inú ara wa ni, pé bí ẹ bá rí eléyìí ẹ má jẹ́ kó wọlé. Àwọn ọdẹ yẹn á wá máa fun fèrè, wọ́n á máa sáré kiri, ariwo wọn lẹ̀ ń gbọ́ tí orí fi ń fọ́, tí oríkèé ń ro yín, tó ń rẹ̀ yín bíi pé ẹ kọ ebè igba. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi sábà máa ń mọ̀ ọ́n lára ju àwọn àgbà lọ, ọdẹ tiwọn le. Àmọ́ ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kó má rò pé omi ni wọ́n gún fóun, tiẹ̀ náà ṣiṣẹ́.

Ohun tí kì í fà ni ikọ́, imú dídí, àti kéèyàn má gbóòórùn mọ́. Tẹ́ ẹ bá gba abẹ́rẹ́ lónìí tẹ́ ẹ wá ń wúkọ́ lọ́tùnla, ẹ ti kó nǹkan míì kó tó di pé ẹ débẹ̀ nìyẹn, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.

Aago ló máa sọ irú nǹkan tó jẹ́

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ìwé yìí ò ju èyí lọ: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló sì lò.

Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ẹ má kúrò ní sẹ́ńtà. Ẹni tí oògùn tàbí oúnjẹ kan ti bá jà rí tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó gún un, tí wọ́n bá sì gún un kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tá à ń ṣọ́ níbẹ̀ ni kí ètè tàbí ahọ́n wú, kí ara máa yún kó sì sú, kí ọ̀fun há, kí òòyì kọ́ èèyàn kó sì ṣubú. Kì í wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ẹ pariwo, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá a dúró yẹ kó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, ẹ ò lè rí i lórí ọ̀kadà. (Ọmọkùnrin kan tó ń bá wa ká kòkó ṣubú kí wọ́n tó gún un o, abẹ́rẹ́ ló rí. Ìyẹn ò sí nínú èyí tá à ń wí.)

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn títí dé ọjọ́ kẹta ni ti gbogbo ayé: apá dídùn níbi tí wọ́n gún, ara gbígbóná, òtútù, orí fífọ́, ara ríro, kí èébì máa gbé èèyàn. Ti AstraZeneca, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kó kúrò lọ́jà ní 2024, ẹyọ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le ju ìkejì lọ, ti Pfizer àti Moderna, àwọn irú abẹ́rẹ́ Kòrónà míì, ìkejì ló máa ń le, nítorí náà ẹni tó gba AstraZeneca tó ní òun ò padà lọ torí ohun tójú òun rí, ìkejì ì bá ti rọrùn fún un. Àwọn kan tó gba Moderna máa ń rí kókó kékeré lábíyá apá tí wọ́n gún, ìyá kan wá bá mi tó ń sunkún pé jẹjẹrẹ ọmú ni, mo ní ìyá, ọwọ́ wo ni wọ́n gún, ó ní òsì, abíyá wo ló wú, ó ní òsì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó walẹ̀, tí kò bá walẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí dókítà wò ó. Apá míì tún máa ń pọ́n tó ń yún lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn náà ń lọ fúnra rẹ̀. Nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan yí díẹ̀, ó sì padà sípò, kò ní kí wọ́n má lóyún. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ máa fún un lọ́mú lọ.

Iṣẹ́ oko ńkọ́

Ibí yìí ni àwọn ìwé tí wọ́n ń pín fúnni kì í dé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló kan àwa. Ẹ ní kí wọ́n gún yín lápá tẹ́ ẹ kì í fi mú àdá. Ẹ má gbà á tí ọ̀la rẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ gba lébìrà tàbí ọjọ́ ọjà, ẹ wá ọjọ́ tí ọ̀la àti ọ̀túnla rẹ̀ ṣòfo. Ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí ò láàárọ̀, ẹmu á dúró fún ọjọ́ méjì, torí òòyì lórí ọ̀pẹ kì í ṣe òòyì ilẹ̀. Ìyá tó ń yan gàrí, ìdí agbada ti gbóná tẹ́lẹ̀, tí ara tìẹ náà bá tún ń gbóná omi ara á gbẹ, jẹ́ kí ẹlòmíì bá ẹ yan án.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni oògùn koríko àti oògùn kòkòrò. Ẹ má gbé táǹkì sẹ́yìn lọ fọ́n oògùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ máa ń fa orí fífọ́, èébì àti òòyì, àgàgà àwa tá à ń fọ́n ọn láìbo imú, tó bá wá ṣẹlẹ̀ báyìí ta ló máa mọ èwo ló ṣe yín? Mo mọ bàbá kan tó gba abẹ́rẹ́ lánàá tó fọ́n oògùn lónìí, ó bì títí, gbogbo abúlé ní abẹ́rẹ́ ìjọba ló fẹ́ pa á. Èmi dé ibẹ̀, mo gbọ́ òórùn oògùn lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣì wọ̀. A bọ́ ọ, a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, a gbé e lọ ọsibítù. Ó yè, àmọ́ èèyàn mẹ́wàá ní abúlé yẹn ò gba abẹ́rẹ́ mọ́ títí dòní.

Kí lẹ máa lò

Pàrásítámọ́ọ̀lù oní mílígíráàmù 500, méjì lẹ́ẹ̀kan fún àgbàlagbà, kó tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ kẹ́ ẹ tó lo òmíì, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má lò ó sílẹ̀ de abẹ́rẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn oògùn ọ̀fìnkìn tẹ́ ẹ rà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní pàrásítámọ́ọ̀lù nínú, tẹ́ ẹ bá lò ó pọ̀ ẹ̀dọ̀ ló máa gba ìyà, ògógóró sì tún ń kún un. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ fi aṣọ tútù lé apá, ẹ má fi omi gbígbóná jó o.

Tí ara bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ lọ yẹ ibà wò. Ẹ̀fọn ò mọ̀ pé ẹ gba abẹ́rẹ́.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré

AstraZeneca àti Johnson & Johnson lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ara àwọn èèyàn díẹ̀. Ní UK, láàárín àwọn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, nǹkan bí ẹnì kan nínú 50,000 ni lẹ́yìn ẹyọ àkọ́kọ́ AstraZeneca. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrin títí di bí oṣù kan ló sábà máa ń yọjú: orí fífọ́ tó le tí pàrásítámọ́ọ̀lù ò ká, kí ojú máa ṣe bàìbàì, àyà dídùn, àìlè mí dáadáa, kí ẹsẹ̀ kan wú, inú rírun tí kò lọ, tàbí kí ara máa dápàá níbi tí wọn ò gún. Ẹ má lọ kẹ́mísì, ẹ má se àgbo, ọsibítù ńlá ni, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́. Pfizer àti Moderna ní tiwọn lè mú kí iṣan ọkàn àwọn ọ̀dọ́kùnrin wú, láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìkejì, àyà á máa dùn wọ́n, á máa lù kì-kì-kì. Ìyẹn náà ọsibítù ni, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gbádùn tí wọ́n bá sinmi.

Ní 2024, bàbá kan pè mí láago mọ́kànlá òru, ó ti gbọ́ lórí wásáàpù pé ilé iṣẹ́ AstraZeneca gbà ní kóòtù ní London pé abẹ́rẹ́ àwọn ń di ẹ̀jẹ̀, ó ní ṣé òun máa jí lọ́la. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù pé ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ láti oṣù kẹrin 2021 ni àwọn aláṣẹ oògùn nílùú òyìnbó ti sọ ọ́ síta. Bàbá gba tiẹ̀ ní 2021, oṣù kan yẹn ti kọjá tipẹ́. Ó sùn.

Ti ariwo tí wọ́n ń pa pé abẹ́rẹ́ ń sọ apá di mágínẹ́ẹ̀tì tí owó ẹyọ fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, mo dán an wò, ó lẹ̀ lóòótọ́. Mo fi pọ́dà ra apá mi, ó jábọ́. Òógùn ni.

Ẹ sọ ọ́, ẹ kọ ọ́

Àwọn kan ń rò pé tí àwọn bá sọ ohun tó ṣe àwọn, wọ́n á ní àwọn ń ba nǹkan ìjọba jẹ́. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn, torí pé àwọn èèyàn sọ tiwọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, tí UK fi ní ní 2021 kí wọ́n máa fún àwọn tí kò tíì pé 40 ọdún ní irú míì. Ẹ padà sí sẹ́ńtà tí wọ́n ti gún yín, wọ́n ní fọ́ọ̀mù fún un, tí wọn ò bá dá yín lóhùn ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera ní kánsù. Ẹni tó ní fóònù tó gbọ́n lè fi áàpù Med Safety tí NAFDAC gbé jáde sọ ọ́. Ẹ mú káàdì yín dání, nọ́ńbà tó wà lára ìgò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ẹ fi í sínú nájílọ́ọ̀nù kí eku má jẹ ẹ́.

Àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa ò ní ìwé nílé, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ló fi èédú kọ ọ́ sí, mo ṣì rí i lára ògiri rẹ̀: "Túsìdé aago 11, apá òsì. Aago 10 alẹ́ òtútù. Wẹ́sìdé orí, pàrá 2, pàrá 2. Tọ́sìdé apá nìkan. Fúráìdé mo lọ sóko."