Mọ́tò tó kàn wà nínú ọgbà tí kò jáde mọ́: bí ẹ ṣe máa ṣe ìnṣọ́ránsì rẹ̀ l'Ékòó

Mọ́tò tó ń sùn nínú ọgbà pọ̀ l'Ékòó yìí o. Gíá ti òmíì ló kú, owó epo ló lé ti òmíì wọlé, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé olówó ẹ̀ ti jápa tó sì kó kọ́kọ́rọ́ fún àbúrò ẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bèèrè: ṣé dandan ni kí n san ìnṣọ́ránsì lórí ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan? Ọ̀tọ̀ ni ohun tí òfin ń fẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yẹn níbi tó wà. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, owó sì máa ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ti òfin ṣáájú. Ohun tí òfin sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lo mọ́tò lójú títì láìní third party, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ yín bá ṣe níjàǹbá. Lójú títì ni o. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn géètì yín, tí ẹnikẹ́ni ò wà jáde, kọ́ ni àwọn pọ́líìsì ń wá láti 1 February 2025 tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró káàkiri láti yẹ pépà ìnṣọ́ránsì wò. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London máa ń sọ̀rọ̀ SORN, pé èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba pé òun ti gbé ọkọ̀ òun kúrò lójú títì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á bu owó ìtanràn fún un tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì. Tiwọn nìyẹn, ẹ má wá fọ́ọ̀mù ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kankan níbí.

Ṣùgbọ́n inú ọgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ inú ọgbà lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá páàkì ẹ̀ síta géètì, tí táyà ẹ̀ wà létí gọ́tà ní Mushin tàbí Bàrígà, ojú títì lẹ gbé e sí yẹn, kódà kó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ kí koríko sì ti hù yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti Láfíàjí tí ilé wọn ò ní ààyè ọgbà rárá, tó jẹ́ pé iwájú ilé ni gbogbo ọkọ̀ ń sùn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ san third party ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè wá ibòmíì gbé e sí, torí ìjọba lè wá fà á lọ pé wọ́n ti pa á tì.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ẹlòmíì á san third party ₦15,000 (₦5,000 ni tẹ́lẹ̀ kí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, tó sọ ọ́ di ₦15,000 ní January 2023), á wá fọkàn balẹ̀ pé òun ti ṣe ìnṣọ́ránsì. Ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe níjàǹbá ni owó yẹn wà fún, tó bá sì jẹ́ dúkìá ẹni yẹn ló bàjẹ́, wọ́n lè san tó ₦3 mílíọ̀nù. Tí iná bá jó ọkọ̀ ẹ̀yin fúnra yín nínú ọgbà yín, kọ́bọ̀ kò ní í tibẹ̀ jáde.

Iná sì ń jó ọkọ̀ tó dúró sójú kan. Jẹnẹrétọ̀ alájọgbé lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wáyà NEPA lè gba orí ẹ̀ kọjá. Nígbà tí nǹkan bú ní Abúlé-Àdó ní 15 March 2020, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó jóná tàbí tí ilé wó lù, ibi tí wọ́n páàkì wọn sí ni wọ́n wà jẹ́jẹ́. Ní July 2021 òjò rọ̀ débi pé mọ́tò ń léfòó lórí omi l'Ékòó, gbogbo wa la rí fídíò ẹ̀. Olè ńkọ́? Brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), iná iwájú, díńgí ẹ̀gbẹ́, wọ́n máa ń tú u lóru láì jí ọkọ̀ gan-an gbé, ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ ò sì jìnnà.

Fún ọkọ̀ tí kò rìn, èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni third party tó ní iná àti olè nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní third party fire and theft. Comprehensive, èyí tó ń bo ọkọ̀ yín fúnra ẹ̀ tó fi dé orí ìkọlù, dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀, ìyẹn ₦200,000 lórí ọkọ̀ ₦4 mílíọ̀nù, tó sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni ìkọlù ojú títì tí ọkọ̀ yín ò ní í bá pàdé. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan tiẹ̀ wà tí wọn ò ní í gba ọkọ̀ tó bá ti gbó jù fún comprehensive. Èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì, ẹ dárúkọ omíyalé àti rògbòdìyàn lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n wà nínú ẹ̀, torí àfikún tí wọ́n ń sanwó lé lórí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àwọn tí wọ́n sun mọ́tò wọn ní October 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ bèèrè olè tó tú nǹkan lára ọkọ̀ náà, torí àwọn kan ò ní í san owó brain box àfi tí wọ́n bá jí odindi ọkọ̀ lọ. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ejẹ́ǹtì ò tó.

Tó bá jẹ́ pé comprehensive yín ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó tó di pé ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín pé ọkọ̀ fẹ́ sinmi, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè dá apá ti ojú títì dúró kí iná àti olè ṣì wà, kí wọ́n sì ṣírò owó tó kù mọ́ tọdún tó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá máa gbà á máa ń fẹ́ gbọ́ ṣáájú ni, kì í ṣe lẹ́yìn tí oṣù ti lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì náà báyìí, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí irú ọkọ̀ yín ń lọ lọ́jà lónìí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tó ń ta tòkunbọ̀ àti mẹ́káníìkì yín. Tẹ́ ẹ bá bù ú ga ju bó ṣe yẹ lọ, owó yín lẹ fi ń ṣòfò, torí iye tó tó lọ́jà lọ́jọ́ tí nǹkan ṣe é ni wọ́n máa san. Tẹ́ ẹ bá sì bù ú kéré, díẹ̀ náà ni wọ́n máa fún yín.

Lẹ́yìn náà, fọ́tò. Ẹ fọ ọkọ̀ náà láàárọ̀ kí eruku kúrò, ẹ yà á níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, kí géètì tàbí ògiri ilé yín hàn nínú ọ̀kan ó kéré tán. Ẹ sún mọ́ gíláàsì iwájú, nísàlẹ̀ ní apá ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó, nọ́mbà ṣáásì wà níbẹ̀ lára irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ́tà àti nọ́mbà mẹ́tàdínlógún ni lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ nù ún kó lè ṣeé kà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ya ẹ́ńjìnì. Tí bátìrì bá ṣì ń gbé, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ ya mílééjì. Wọ́n lè rán èèyàn wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú tiyín.

Ẹ sọ òótọ́ fún wọn pátápátá: pé ọkọ̀ ò rìn, pé Yábàá ló wà, pé fẹ́ǹsì wà tàbí kò sí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi tówìn fà á lọ sí Ìkòròdú lọ́la, ẹ sọ fún wọn lọ́la. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun ni, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni kí pépà jẹ́, kó kọ lẹ́tà pé òun yan yín láti máa bójú tó o. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lórúkọ ara yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń béèrè owó ni wọ́n máa bi yín pé kí ló kàn yín nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Owó, àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ san án sí, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Wọn kì í ta ìnṣọ́ránsì láwìn, tẹ́ ẹ ò bá tíì san, ẹ ò tíì ní nǹkan kan. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá san án, ẹ lọ sí askniid.org, ẹ tẹ nọ́mbà ọkọ̀ síbẹ̀. Tí kò bá jáde, ẹ padà lọ bá wọn, torí pépà ayédèrú pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró síta ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì.

Ohun tí kò sí nínú ìnṣọ́ránsì kankan tí mo mọ̀ ni ti èkúté, ìpẹtà àti bátìrì tó kú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ wo orí ẹ́ńjìnì dáadáa: tẹ́ ẹ bá rí ègé nylon píọ̀ wọ́tà àti èèpo ẹ̀pà, èkúté ti ń kọ́lé, wáyà ló kàn. Ẹ tú orí bátìrì kan kúrò, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ náà sókè kí táyà má tẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó irin nítòsí ẹ̀.

Ọjọ́ tó bá fẹ́ jáde, third party gbọ́dọ̀ wà láàyè kí géètì tó ṣí, kódà kó jẹ́ mẹ́káníìkì ló ní kí òun kàn fi yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún láísẹ́ǹsì àti roadworthiness (ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú títì) ṣe bákan náà.

Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀: tó bá jẹ́ olè, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà, ẹ gba pépà wọn, ẹ pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá jẹ́ omi ló wọ ọ́, ẹ má ta á wò rárá, torí omi tó ti wọ ẹ́ńjìnì máa bà á jẹ́ pátápátá tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ̀, wọ́n sì lè ní ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín bà á jẹ́. Ẹ ya fọ́tò ibi tí omi dé lára ilẹ̀kùn, ẹ tú bátìrì, kẹ́ ẹ dúró de ẹni tí wọ́n bá rán wá.