Kọmíṣọ́ọ̀nù Tí Kò Ṣeé Gbà: Bí Mo Ṣe Tún Ètò Affiliate Yàn fún Ìkànnì Sólà Mi

Bí mo ti ń kọ èyí, owó tí ó lé ní 100 dọ́là ń bẹ lórúkọ mi lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ affiliate kan ní òkè òkun, n kò sì tíì fi ọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Affiliate ni kí ènìyàn fi líǹkì ọjà ẹlòmíràn sí ìkànnì rẹ̀, kí ó sì gba kọmíṣọ́ọ̀nù bí ẹnikẹ́ni bá gba ibẹ̀ rà á. Wọn kò sọ pé n kò ṣiṣẹ́. Wọ́n gbà pé mo ṣe é, wọ́n kọ iye owó náà gàdàgbà síwájú mi, wọ́n sì ń fi ímeèlì kí mi kú oríire ní ìparí oṣù. Gbígbà ni kò ṣeé gbà. Dátà tí mo rà àti owó tí mò ń san lọ́dọọdún kí ìkànnì mi má bàa kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ju owó náà lọ. Inú tí ó bí mi ni ó jẹ́ kí n tú gbogbo rẹ̀ ká, kí n sì tún ètò yàn láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́nà tí ó bá ẹni tí ń gbé ní Kubwa, ní ẹ̀bá Abuja, mu àti àwọn tí ń ka ohun tí mò ń kọ.

Ìkànnì náà wà fún ọ̀rọ̀ ínfátà, bátìrì àti páánẹ́ẹ̀lì sólà, pàápàá fún àwọn ayálégbé àti oníṣòwò kéékèèké ní Abuja àti àyíká rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí ilé-iṣẹ́ iná kà mọ́ àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, sì fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn òǹkàwé mi ń pọ̀ sí i ṣáá ni. Mo lè fọ́nnu díẹ̀: àpilẹ̀kọ tí mo kọ lórí bí eruku ọyẹ́ ṣe ń dín agbára páánẹ́ẹ̀lì kù ni àwọn oníṣẹ́ sólà fúnra wọn máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà tí ó bá ń bú wọn pé iṣẹ́ wọn kò dára. Ní ti bí a ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún ètò affiliate, bí a ṣe ń da líǹkì kọ àti bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀, n kò ní fi ìyẹn jẹ àkókò ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá lè ṣí Facebook lè ṣe é.

Owó dọ́là tí mo wí yìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé Abuja wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní òkè òkun ni wọ́n ka ohun tí mo kọ, tí wọ́n ra bátìrì alágbèéká fún ilé ara wọn. Mo kún fọ́ọ̀mù W-8BEN, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ sanwó fún kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn, mo sì parí rẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná lórí iná. Mo rò pé ó kù kí owó wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni ẹ̀rí àdírẹ́sì. Wọ́n ní kí n fi ìwé owó iná tàbí ìwé owó omi ránṣẹ́, kí orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi hàn lórí rẹ̀, kí ó má sì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ayálégbé Kubwa tí ó bá ń ka èyí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bí mo bá ra iná sí mítà, orúkọ tí ń jáde lórí rìsíìtì kì í ṣe tèmi, kì í tilẹ̀ ṣe ti Alhájì onílé wa. Orúkọ ẹni tí ó ta ilé náà fún Alhájì ni, ẹni tí kò sí ayálégbé kan nínú ọgbà wa tí ó mọ̀ ọ́n sójú. Omi ńkọ́? Bọ́hóòlù ni a ń lò, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá sì bàjẹ́, a ó ké sí mai ruwa kí ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, mai ruwa kì í sì í fún ènìyàn ní ìwé. Ẹni tí ó ń kọ́ gbogbo ayé bí wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ owó iná ni wọ́n ní kí ó wá mú ìwé owó iná jáde kí wọ́n tó san owó rẹ̀ fún un.

Mo tọ Alhájì lọ. Ènìyàn dáadáa ni. Ó kọ lẹ́tà pé ayálégbé òun ni mí, ó sì lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà fèsì pé àwọn kì í gba ìwé tí ẹni kan ṣoṣo bá kọ. Mo gba báńkì lọ láti tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi jáde. Ọmọbìnrin tí ó wà ní kántà ní, "Ẹ jókòó, sà, kò ní pẹ́," kò sì pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé jáde, ohun tí mo rí níbi àdírẹ́sì ni BEHIND CENTRAL MOSQ OPP TRANSF, ó sì tán síbẹ̀, nítorí pé àyè tí ẹ̀rọ wọn là sílẹ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí ojú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ fi bírò kọ ìyókù sí i, n ó bá yín lu òǹtẹ̀." Ẹ wo àánú! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́, wọ́n sì dá a padà pé ìwé tí a bá ti fi bírò tọ́ kò ní ìtẹ́wọ́gbà.

Fọ́ọ̀mù wọn tún ń béèrè nọ́ńbà ilé, kò sì gbà kí a fò ó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó wà lára ògiri wa ni èyí tí àwọn tí ń fún ọmọdé ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Nínú gbogbo ímeèlì tí a kọ síra wa, orúkọ ẹni tí ń dá mi lóhùn ń yí padà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í yí. Bí mo tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èyí, PayPal tàbí owó tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sí báńkì ni ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà sanwó. PayPal dé Nàìjíríà ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, fífi owó ránṣẹ́ ni ó gbà wá láàyè láti ṣe, kò gbà kí a gba owó. Ti báńkì sí báńkì sì ní owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lójú ọ̀nà, èyí tí yóò bu owó bíńtín bí tèmi jẹ gidigidi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé àdéhùn wọn ni wọ́n tún kọ ọ́ sí pé bí líǹkì ènìyàn kò bá mú ọjà jáde fún oṣù mélòó kan, àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó nínú àkáǹtì rẹ̀. Ìyẹn ni pé owó tí wọn kò fẹ́ fún mi, àwọn fúnra wọn lè jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ètò yàn nìyẹn: kí n tó wo iye ìdá tí ètò kan ń san, mo kọ́kọ́ ń wá ojú ìwé tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà. Bí kò bá sí náírà tààrà sí báńkì tàbí Payoneer, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí ń bá ènìyàn gba owó láti òkè òkun, níbẹ̀, mo ti ojú ìwé náà pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé. Obìnrin kan tí ń ta ẹja tútù ní Dutse Alhaji pè mí lórí WhatsApp lẹ́yìn tí ó ka àpilẹ̀kọ mi kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ínfátà tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi? Ṣé mo lè fojú rí i kí n tó sanwó? Bó bá wá bàjẹ́, ta ni mo máa gbé e lọ bá?" Ó fi kún un pé oṣù kejì sí ìgbà náà ni àjọ òun yóò kan òun. Gbogbo àwọn tí ń kọ́ni ní affiliate lórí YouTube, n kò gbọ́ ọ̀kan tí ó bi mí ní ìbéèrè tí ó dára tó ti obìnrin yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè rẹ̀ yẹ Amazon wò, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ, ètò rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1996. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt ní 60 hertz, tiwa jẹ́ 230 volt ní 50 hertz, nítorí náà ínfátà tí wọ́n ṣe fún ilé wọn kò lè gbé fírísà ẹlẹ́ja Dutse. Bátìrì lithium wà lára ẹrù tí àwọn ọkọ̀ òfúrufú kà sí eléwu, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dì mọ́ aṣọ. Wákàtí 24 péré ni wọ́n sì fún ẹni tí ó tẹ líǹkì láti kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ kí alárọ́bọ̀, ìyẹn ẹni tí ó fi líǹkì síta, tó lè rí nǹkan gbà. Kò sí wákàtí 24 tí ó lè dúró de àjọ, tàbí de owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí de ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òǹkàwé mi fi ń ra sólà.

Kódà ètò tí ó fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Cookie, ìyẹn àmì tí líǹkì máa ń fi sórí fóònù kí olùtajà lè mọ ẹni tí ó rán oníbàárà wá, kì í sí níbi gbogbo lórí fóònù náà. Ẹni tí ó tẹ líǹkì mi láti inú Facebook, inú Facebook níbẹ̀ ni àmì náà wà. Bí ó bá wá fi Chrome tàbí áàpù olùtajà ra ọjà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọn kò ní mọ̀ pé èmi ni mo rán an.

Ìdí nìyí tí mo fi wọ ọkọ̀ lọ sí Wuse lọ bá oníṣòwò sólà kan tí mo ti ra bátìrì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo ṣí ìkànnì mi fún un lórí fóònù, mo fi àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń bi mí hàn án, mo sì ní kí ó fún mi ní kóòdù kan tí oníbàárà yóò máa pè, yálà lórí WhatsApp tàbí nígbà tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí ó lè rí ẹ̀dínwó díẹ̀, kí n sì rí tèmi. Ó kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ gba owó ìpolówó. Nígbà tí ó yé e pé kò ní san kọ́bọ̀ bí ọjà kò bá tà, ó fa ìwé onípáálí kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó sì fi rúlà fa ìlà sí i: ọjọ́, ọjà, iye, kóòdù. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni a fẹnu kò sí. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta lórí bátìrì lithium kan kì í ṣe owó kékeré, ó sì ń wọ báńkì mi ní náírà. Ẹlẹ́ja Dutse ti lọ síbẹ̀, ó fojú rí i, ó sì mọ ẹni tí yóò gbé e lọ bá bí ó bá bàjẹ́.

Àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, mo fi wọ́n sí apá kan fún fáànù alágbára bátìrì àti gílóòbù nìkan. Ọjà ńlá tí oníbàárà bá ní òun yóò san owó rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, tí ó wá kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ ń parẹ́ ni, bí ẹni pé a kò rí i rí. Ní ti àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń san bí ìlàjì owó fún alárọ́bọ̀, àwọn tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń di olówó ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tí ó wá béèrè iye páánẹ́ẹ̀lì tí yóò gbé fíríìjì rẹ̀ kò sì bi mí léèrè ìyẹn. Ọ̀kan péré ni mo gbà wọlé, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń so wáyà sólà, lẹ́yìn tí mo fi owó ara mi rà á, tí mo sì wò ó dé òpin.

Mo kọ ọ́ sókè àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan pé mo ń gba owó bí ẹnikẹ́ni bá rà á, nítorí pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba ìpolówó tí ó ń ṣini lọ́nà, mo sì fi àmì "sponsored" tí Google gbé jáde ní ọdún 2019, èyí tí ń jẹ́ kí Google mọ̀ pé owó wà nídìí líǹkì, sára àwọn líǹkì náà. Kò sí ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ sá.

Ohun tí ó kù ni àwọn òǹkàwé mi ní Kaduna àti Minna, tí wọn kò lè wá sí Wuse tìtorí bátìrì. Mo ti ń bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ ní Kaduna, ó ní ìdá méjì ni òun lè san, mo ní kí ó sọ ọ́ di mẹ́ta, kí a sì parí rẹ̀ kí ooru oṣù kẹta tó mú, nígbà tí gbogbo ènìyàn yóò máa wá fáànù kiri.