Bá a ṣe ń tọ́jú ọmọ wa tó sanra jù, láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀

Àwọn òbí kan ń bi mí pé oògùn wo la fún ọmọ wa ọkùnrin tó fi ń sáré kiri báyìí. Kò sí oògùn kankan ńbẹ̀ o. Mo ní kí n kọ bó ṣe lọ torí ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí ni nǹkan yìí wà tí wọ́n ń pè é ní ìgbádùn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn. Kì í ṣe sísanra gan-an ló kọ́kọ́ já wa láyà, ọrùn ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ dúdú, awọ ibẹ̀ nípọn, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á dà bí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Màmá mi á mú kànrìnkàn, wọ́n á máa bó o, wọ́n ní ìdọ̀tí ni, ọmọ á máa ké, dúdú yẹn ò sì kúrò. Ó tún ń hanrun lóru, tó bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀ báyìí á ti máa mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wa la kọ́kọ́ gbé e lọ, mo sì gba gbogbo òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Dádì, ẹ bá a bọ́ bàtà, ẹ bá a ṣí fìlà." Wọ́n ní kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ ẹ̀ kan ògiri dáadáa, wọ́n wọn gíga ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 130. Ó gun ìwọ̀n, kílò 36. Mo rò pé kílò yẹn ni wọ́n máa fi dájọ́, nọ́ọ̀sì ní rárá, kílò nìkan ò sọ nǹkan kan. Ẹ pín 36 sí 1.30, ohun tó bá jáde ẹ tún pín in sí 1.30, ó fún wa ní 21.3, òun ni wọ́n ń pè ní BMI. Tó bá jẹ́ èmi àgbàlagbà ni mo ní 21 yẹn, ó dáa gan-an nìyẹn, àmọ́ tọmọdé yàtọ̀, ó ní ṣáàtì tí wọ́n ń fi ọjọ́ orí wò lọ́tọ̀, tọkùnrin lọ́tọ̀ tobìnrin lọ́tọ̀. Fún ọmọ tó ti lé lọ́dún márùn-ún, tó bá kọjá ìlà tí wọ́n kọ +1 sí lórí ṣáàtì yẹn ó ti ń sanra jù, tó bá kọjá +2 ó ti di àìsàn tó yẹ ká tọ́jú. Tiwa ti kọjá +2. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ náà, wọ́n sì fara balẹ̀ wá bẹ́líìtì tí wọ́n ń wé mọ́ apá tó bá apá ẹ̀ mu, torí tí ìyẹn bá kéré jù tàbí ó tóbi jù, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á parọ́ ni.

Torí ọrùn yẹn ni wọ́n ṣe kọ lẹ́tà fún wa sí Bowen, ọsibítù táwọn Onítẹ̀bọmi ti dá sílẹ̀ láti 1907. Wọ́n gbẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun. Ṣúgà ẹ̀ ò tíì ga, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n dọ́kítà ní dúdú ọrùn yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ó ní ínsúlínì, ìyẹn nǹkan tó ń bá ara lo ṣúgà, ò ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́ nínú ara ẹ̀, ara wá ń tú u jáde jù, òun ló ń hàn lọ́rùn, tá a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà lè dé. Inú bí mi fún gbogbo bíbó tí wọ́n ti bó ọmọ yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí nìyí. Wọn ò ní kó rù. Wọ́n ní ọmọ tó ṣì ń ga, a kàn ń fẹ́ kí kílò ẹ̀ dúró lójú kan kí gíga lé e bá. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: tó bá ga dé 136 tí kílò ẹ̀ ṣì jẹ́ 36, BMI ẹ̀ á já wá sí 19.5. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kìlọ̀ pé ká má fún un ní tíì tí wọ́n fi ń rù tàbí àgbo kankan, ká má sì febi pa á.

Ilé ni iṣẹ́ wá wà. Nọ́ọ̀sì ní ìlànà kan ló ṣe pàtàkì jù: ohun tọ́mọ ò gbọ́dọ̀ mu, kí ẹnikẹ́ni má mu ún nínú ilé yẹn. Èmi ni mo máa ń ra mínírà àti mọ́ọ̀tì wálé láti Tákíé, mo dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé mọ́ọ̀tì ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ike ẹ̀, ẹ wo iye ṣúgà tó wà ńbẹ̀. Omi la ń mu báyìí, tó bá jẹ́ àsìkò máńgòrò a jẹ máńgòrò, a ò mu júùsì inú páálí. Ìyàwó mi ń bá wa ra ẹ̀fọ́ àti ẹja ní ọjà Wásó, Indomie tó ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ dohun tá à ń jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. A pa tẹlifíṣọ̀n tá a bá ń jẹun, fóònù náà ò gbọ́dọ̀ sí lórí tábìlì.

Màmá mi ló le jù. Wọ́n ní ṣé a fẹ́ febi pa ọmọ àwọn ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oríkì, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ṣé ọmọ Ajílété ni kò ní jẹ ọkà? Kí n máa bá wọn jiyàn ò lè yanjú ẹ̀, mo mú wọn dání nígbà tá a padà lọ. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Mà, ẹnikẹ́ni ò gba ọkà lọ́wọ́ ẹ̀. Òkèlè ni ká dín kù, ká fi ẹ̀fọ́ kún un, kẹ́ ẹ sì bá wa dúró kó tó béèrè àfikún, ikùn kì í tètè mọ̀ pé òun ti yó." Àtìgbà yẹn àwọn fúnra wọn ló ń bù ú fún un. Abọ́ kékeré ni wọ́n fi ń bu láfún, ẹ̀fọ́ á kún un dé ẹnu, tó bá ní òun ò tíì yó wọ́n á ní kó lọ mu omi ná kó padà wá.

Orúkọ náà ńkọ́? Gbogbo ilé ló ń pè é ní Ọ̀rọ̀bọ̀, èmi náà ń pè é. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni kò fẹ́ràn ní síkúù, ó ní wọ́n máa ń pe òun ní Ọ̀rọ̀bọ̀, ó wolẹ̀. A fòfin dè é nílé, mo lọ bá tíṣà ẹ̀, ìyẹn náà bá àwọn ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kì í fẹ́ jáde lọ ṣeré, á jókòó sínú ilé máa jẹun ni.

Eré yẹn, ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni wọ́n ní, kò sì pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kadà ló ń gbé e wálé tẹ́lẹ̀, ní báyìí èmi tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ la jọ ń fẹsẹ̀ rìn, tó bá dé ó máa ń gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò títí ilẹ̀ á fi máa ṣú. Ó ń tètè sùn náà, torí wọ́n ní àìsùn tó máa ń mú kí ebi pa ọmọ ju bó ṣe yẹ lọ.

A ṣì ń lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kí wọ́n máa fi àmì sórí ṣáàtì ẹ̀. Kò tíì já sísàlẹ̀ +2 ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ọn, híhanrun yẹn ti dín kù gan-an, ọrùn ẹ̀ ṣì dúdú díẹ̀, dọ́kítà ní ìyẹn máa ń pẹ́ kó tó lọ. Wọ́n á tún gbẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé tiyín lọ, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ dání kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n wọn gíga ẹ̀ náà, kí wọ́n má kàn gbé e gun ìwọ̀n nìkan.