Bí A Ṣe Ń Dán Èrò Áàpù Wò Kí A Tó Sanwó Fún Ẹni Tí Yóò Kọ Ọ́

Púpọ̀ nínú áàpù tí mo ti rí tí wọ́n kọ parí tí ẹnikẹ́ni kò sì lò, kóòdù wọn kò ní àbùkù kankan. Àwọn tó ni wọ́n ni kò wádìí ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ kí wọ́n tó náwó. Iṣẹ́ ìwádìí náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé, èmi yóò sì fi áàpù àjọ ojoojúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wà lára èrò tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sábà máa ń kọ́kọ́ gbé dìde.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀: ta ni ìṣòro bá, kí ni ìṣòro náà, ọgbọ́n wo ni onítọ̀hún sì ń dá sí i lónìí. "Àwọn oníṣòwò Nàìjíríà" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn aláta ní ọjà Bódìjà, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bá a jiyàn ní òpin oṣù lórí iye ọjọ́ tí wọ́n dá."

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé alájọ náà lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ máa wò ó láì dá sí i. Ẹ ó rí i pé káàdì rẹ̀ ní àpótí kéékèèké 31, pé báírò ló fi ń sàmì sí wọn, àti pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá dá ₦500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦14,500. Ẹ ó tún rí ẹni tó san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀, àti ẹni tó yá nínú owó rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ẹ wo ọwọ́ aláta dáadáa. Omi ata ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ìka méjì ló fi ń fa owó yọ lábẹ́ àtẹ, kò sì ní fi ọwọ́ yẹn kan fóònù. Áàpù tó bá ní kí aláta máa tẹ bọ́tìnì lójoojúmọ́ láti fi hàn pé òun ti sanwó ti kùnà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ tó kàn, ìyẹn bíbi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè, ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà, wọ́n á ṣàlàyé áàpù náà tayọ̀tayọ̀, wọ́n á wá bi í pé, "Ṣé ẹ máa lò ó, Mà?" Ìyá yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ó dáa púpọ̀, ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é." Wọ́n á kọ orúkọ ìyá sílẹ̀ pé ó gbà. Kò gbà o. Àdúrà ló ṣe. Àgbàlagbà kì í fẹ́ ba ọmọ tó wá kí i lọ́kàn jẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó ti ṣe rí ni kí ẹ béèrè: "Ìgbà wo ni iye tí ẹ kà àti iye tí alájọ kà kò dọ́gba gbẹ̀yìn? Kí lẹ ṣe? Ta ló bá yín parí rẹ̀? Èló ló bá a lọ?" Bí kò bá rántí ìgbà kankan, ìṣòro tí ẹ fẹ́ yanjú kò dùn ún.

Ẹ má ṣe fi àwòrán áàpù hàn án kí ó tó sọ tirẹ̀ tán, nítorí láti ìgbà tó bá ti rí i ni yóò ti máa sọ ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ má bi ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má lọ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù. Ọ̀sán tí ọjà bá dá ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ra ata díẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Fọ́ọ̀mù Google tí àwọn ènìyàn ń pín lórí WhatsApp kò lè rọ́pò èyí. Ìwé kékeré àti báírò sì dára ju gbígba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù lọ, nítorí alájọ tó ń gbé owó olówó kiri kì í fẹ́ràn ẹni tó ń na fóònù sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni kí ẹ kọ. Nígbà tí ẹni mẹ́ta tẹ̀ léra bá sọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, ẹ lè dáwọ́ dúró.

Ẹ bi alájọ náà lọ́tọ̀, nítorí ẹni tí áàpù ń ṣe láǹfààní lè má jẹ́ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú alájọ Ṣómólú tí wọ́n ní ó ń rántí owó gbogbo ènìyàn láìkọ ọ́ sílẹ̀, kò ní rí ìdí tí òun yóò fi náwó sí i, bó ti wù kí aláta fẹ́ ẹ tó.

Ní báyìí, ẹ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí áàpù náà yóò ṣe fún oṣù kan gbáko. Nick Swinmurn, tó bẹ̀rẹ̀ Zappos, ilé ìtajà bàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Amẹ́ríkà ní 1999, kò kọ́kọ́ ra bàtà jọ. Ó ya àwòrán bàtà ní ilé ìtajà, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹnìkan bá sì sanwó ni ó ń lọ rà á níbẹ̀ láti fi ránṣẹ́. Tiyín kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní alaalẹ́, kí alájọ ya àwòrán ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ tẹ iye rẹ̀ sínú Google Sheets (ìwé ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó àjọ ni àríyànjiyàn máa ń dé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Lẹ́tà 160 ni ẹyọ kan ń gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, yóò já wálẹ̀ sí 70, ohun tó bá sì lé ni wọn yóò kà sí ẹyọ kejì tí ẹ ó sanwó rẹ̀. Àmì náírà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò wù mí láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ kọ "Iya Sade, ojo 12, N6000" láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́ lẹ́tà. USSD, ìyẹn kóòdù tí a máa ń fi * bẹ̀rẹ̀ tí a sì ń fi # parí lórí fóònù, ní tirẹ̀ gba àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ gba owó lọ́wọ́ alájọ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ ₦200. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye alájọ tó gbọ́dọ̀ san án lẹ́ẹ̀kejì sílẹ̀, bí wọn kò bá sì pé, ẹ pa èrò náà tì. Ẹ fún ẹlòmíràn ní ìwé yẹn mú lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ti fẹ́ràn èrò ara rẹ̀ máa ń dín iye náà kù nígbà tí oṣù bá parí.

Ní ti òfin, ẹ má jẹ́ kí owó ẹnikẹ́ni wọ àpò yín. Ẹni tó bá fẹ́ máa gba owó ará ìlú pamọ́ nílò ìwé àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Àkọsílẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa ṣe. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù pàápàá wà lábẹ́ òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, nítorí náà ẹ gba ìyọ̀ǹda àwọn tó ni wọ́n.

Yíyàwòrán ojú áàpù rọrùn: bébà, pẹ́ńsùlù, ojú kan sí bébà kan. Figma, ohun èlò tí wọ́n fi ń ya ojú áàpù lórí kọ̀ǹpútà, lè dúró.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí ohun tí áàpù náà kò ní ṣe gba ìdajì ojú ìwé náà. Nígbà tí ẹ bá pe ẹni tí yóò kọ kóòdù, ìwé yìí, Google Sheets oṣù náà àti àkọsílẹ̀ àríyànjiyàn tó wáyé ni kí ẹ kó fún un, kí ẹ sì ní kí ó dá owó lé apá kìíní iṣẹ́ náà nìkan. Bí ó bá sọ iye rẹ̀ kí ó tó kà á, ẹ wá ẹlòmíràn.