Àṣìṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Nínú Sáíkọ́lọ́jì: Ó Ti Sú Mi

Lọ́dọọdún, bí ilé-ìwé bá ti wọlé báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nínú sáíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, á tún kó dé yàrá tí mo ti ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní Àkọkà, àpò wọn á kún fún fọ́tòkọ́pì. Owó oúnjẹ ti bá ìwé tí wọn ò ní kà lọ.

1. Ẹ má ra fọ́tòkọ́pì ọwọ́ ẹni tó ti jáde láti ọdún gbọ́nhan. Ìwé àlòkù kan ṣoṣo ní Yábàá sàn jù ú lọ.

2. Dókítà ará Austria nì, Sigmund Freud, kọ́ ló dá sáíkọ́lọ́jì sílẹ̀. Wilhelm Wundt ló ṣí yàrá ìwádìí àkọ́kọ́ fún un sí Leipzig, ní Jámánì, lọ́dún 1879. Ó parí.

3. "Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ wa là ń lò." Irọ́ ni. Ẹni kan gbowó gidi lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pé òun á bá a ṣí ìdá mẹ́sàn-án tó kù. Ẹ gbà mí o!

4. Èyí tó ń bí mi nínú jù: negative reinforcement. Gbogbo wọn ló ń pè é ní ìyà. Kì í ṣe ìyà! Ìyà ń mú kí ìwà kan dín kù. Reinforcement ń mú kó pọ̀ sí i. "Negative" yẹn ò túmọ̀ sí burúkú, ohun tó ń ni ẹ̀dá lára la yọ kúrò.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó síwájú nínú dánfó ní Òṣòdì. Agbèrò dé, ó ń lu ara ọkọ̀ gbì-gbì-gbì, ó sì di wáípà mú. Dẹ́rẹ́bà ṣépè fún un tán, ó fa owó rírún kan yọ, ó nà án sí i. Ariwo dá. Mo yíjú sọ́mọ náà: "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Ìyà ni, sà." Díẹ̀ ló kù kí n bọ́ọ́lẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà sanwó, ariwo lọ. Lọ́la, kó tó dúró lowó á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Negative reinforcement gan-an nìyẹn. Agbèrò ní tiẹ̀ lu ọkọ̀, ó rówó, á tún lù ú: positive reinforcement nìyẹn, ohun tó wù ú la fi kún un. Bí wọ́n bá mú un tó sì ṣíwọ́ lílu ọkọ̀, ìgbà yẹn la tó lè pè é ní ìyà. Bí mo ṣe ń là á yé e, kọ̀ńdọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ bá wa san án ni?"

Kí n má purọ́, èmi náà kọ ọ́ rí pé ìyà ni, nínú ìdánwò ọdún àkọ́kọ́ mi: ojú-ewé méjì gbáko lórí pàṣán bàbá mi. Òdo pupa roboto ni mo gbà. Mo tún lọ bá olùkọ́ ṣàròyé.

Èwo ló tún kù? Pavlov, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Rọ́ṣíà tó fi ajá ṣèwádìí. Kò kọ́ ajá bí wọ́n ṣe ń da itọ́. Ajá ti ń da itọ́ kó tó bá a. Ohun tuntun tó ń fa itọ́ náà, bí ìró tí ajá máa ń gbọ́ kí oúnjẹ tó dé, ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Nobel tó gbà lọ́dún 1904, lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ni.

Ẹ sì jáwọ́ nínú kíkàwé mọ́jú lálẹ́ ìdánwò. Láti 1885 ni Ebbinghaus, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ará Jámánì, ti tẹ ìwé jáde lórí ìdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe: ohun téèyàn há sórí tètè ń jò.

Ọmọ inú dánfó yẹn kọ ìtàn agbèrò sínú ìdánwò, ó sì yege. Owó ẹ̀kọ́ oṣù méjì ló jẹ mí. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń pe fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tó bá san án, mà á dákẹ́.