Àkàrà tó ń mu epo: bí mo ṣe tún un ṣe

Mo sọ ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn di ilé oúnjẹ ọjọ́ kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́: tábìlì mẹ́ta, àǹkárá lórí wọn, àkàrà, ògì gbígbóná àti tíì. Nígbà àkọ́kọ́, àkàrà yẹn bà mí nínú jẹ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì mu epo débi pé bébà tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ rin gbindin.

Màmá mi wo inú abọ́, wọ́n ní, "Ta ló ní kó o ti po iyọ̀ mọ́ ọn?" Aago mẹ́fà ni mo ti fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, aago mẹ́sàn-án ni àlejò dé. Iyọ̀ ti fa omi ara àlùbọ́sà jáde, gbogbo rẹ̀ ti ṣàn.

Lọ́tẹ̀ yìí, omi díẹ̀ ni mo fi lọ ẹ̀wà. Mo lù ú nínú odó títí ó fi funfun, tó wú. Tí ẹ bá kán an sínú omi, ó gbọ́dọ̀ léfòó. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń bù ú, ó di ìgbà tí epo bá gbóná kí n tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i. Àkàrà wú rọ̀bọ̀tọ̀! Bàbá àgbà nìkan jẹ mẹ́jọ.