Bí A Ṣe Wo Erìgì Tó Wú ní Ìdí Eyín Àgbìn Màmá Mi

Màmá mi ní eyín àgbìn kan, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi ìdí tí a fi titanium (irú irin kan) ṣe gbìn sínú egungun ẹnu. Nígbà tí erìgì tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá itọ́ wọn jáde tí wọ́n bá fọ ẹnu, wọ́n ní kò dun àwọn rárá. Àìdùn yẹn gan-an ló kọ mí lóminú, nítorí pé àrùn yìí kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, màmá mi sì ní àtọ̀gbẹ, èyí tí kì í jẹ́ kí erìgì tètè san bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ròkè.

Mo mú àwòrán X-ray tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí eyín náà dání lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nù, nítorí òun ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá egungun ti ń jẹ. Oníṣègùn fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sàmì mìlímítà sí rọra wọn àlàfo tó wà láàárín erìgì àti eyín náà. Ibi tó jẹ́ mìlímítà 3 tẹ́lẹ̀ ti di 5, ẹ̀jẹ̀ sì yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé àwòrán tuntun ti ti àtijọ́, egungun kò tíì dín. Ó ní erìgì nìkan ni àrùn náà mú, pé ó ṣeé wò sàn. Ká ní ó ti wọ egungun ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti fi iṣẹ́ abẹ ṣí erìgì kí wọ́n tó lè fọ ara titanium náà, egungun tó bá sì ti jẹ kì í sábà padà bọ̀ sípò tán.

Ó yẹ kí ẹni tó bá ní irú eyín yìí mọ ìdí tí kò fi yẹ kó fi falẹ̀. Egungun máa ń lẹ̀ mọ́ titanium gbọin-gbọin, ohun tí Per-Ingvar Brånemark ará Sweden ṣàwárí, tó sì lò fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní 1965. Ṣùgbọ́n erìgì kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán tó so erìgì mọ́ eyín àbínibí kò sí lára eyín àgbìn; erìgì kàn fara tì í ni, nítorí náà àrùn tó bá wọlé máa ń tètè jìn.

Wọ́n gún ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kó má bàa dùn wọ́n, oníṣègùn sì fi ohun èlò oníke họ ìdọ̀tí kúrò, nítorí pé irin líle lè ha titanium lára, kí ìdọ̀tí sì tún rí ibi dì mọ́. Lábẹ́ erìgì ló ti yọ ègé sìmẹ́ńtì kan tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti lẹ orí eyín náà mọ́ ìdí rẹ̀. “Ibi tí kòkòrò àrùn ń sá pamọ́ sí nìyí, Mà,” ló wí, ó sì gbé e sórí òwú kí a lè rí i.

Iṣẹ́ tó kù di tèmi, nítorí pé ìka màmá mi ti le. Lálaalẹ́, wọn a jókòó sábẹ́ iná, èmi a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ẹnu ààlà erìgì, lẹ́yìn náà mo máa ń ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n fi rọ́bà bo wáyà rẹ̀ bọ àárín eyín, mo sì ń fi òwú eyín yí ọrùn eyín àgbìn náà ká, mo ń fà á síwá sẹ́yìn. “Rọra o, ọmọ mi,” ni wọ́n máa ń wí. Wọn kò fi pákò wọn sílẹ̀, èmi náà kò sì rí ìdí tí wọ́n fi ní láti fi í sílẹ̀ fún eyín yòókù, ṣùgbọ́n kò lè dé àárín tóóró yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní kí wọ́n fi chlorhexidine, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò àrùn ẹnu, yọ́nu, nítorí pé bó bá pẹ́, ó máa ń sọ eyín di aláwọ̀ ilẹ̀. A tún ń ṣọ́ ṣúgà wọn lójú méjèèjì.

Nígbà tí a padà lọ, àlàfo náà ti di mìlímítà 3, kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Oníṣègùn ní kí a máa wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí àtọ̀gbẹ wọn, kí a má sì dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ.